Iná Tó Ń Fọ Afẹ́fẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì Allen Avenue, a máa ń ti fèrèsé pa nítorí ooru àti ariwo jẹnẹrétọ̀. Èémí gbogbo wa á wá máa yí po nínú yàrá kan. Ìdí nìyí tí mo fi mọyì iṣẹ́ William Wells, ará Amẹ́ríkà tó gbé iná ultraviolet, tó ń pa kòkòrò àrùn inú afẹ́fẹ́, kọ́ sí àwọn kíláàsì kan ní Philadelphia. Nígbà tí èéyi jà ní 1941, kò ran àwọn ọmọ ibẹ̀ tó bó ṣe ran àwọn yòókù.

Iná yìí kì í ṣe àjèjì ní Ìkẹjà àti Agége: abẹ́ rẹ̀ ni omi ń gbà kọjá ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà. Ṣùgbọ́n inú páìpù ni tibẹ̀ yẹn wà. Láàárín ènìyàn, ó lè ba ojú àti awọ ara jẹ́.

Nítorí náà, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á gbé e ga ju orí ẹni tó dúró lọ, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà méje. Á to irin pẹlẹbẹ sí iwájú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa lọ gbọọrọ lábẹ́ àjà, kó má sọ̀ kalẹ̀. Fáànù á máa gbé afẹ́fẹ́ lọ bá a lókè. Lẹ́yìn náà, á gbé mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ náà sí ibi tí ojú ẹni tó jókòó àti ẹni tó dúró máa ń wà, káàkiri yàrá. Sùúrù yẹn wú mi lórí ju iná fúnra rẹ̀ lọ.

Ní eMalahleni, South Africa, irú iná bẹ́ẹ̀ dín ríràn ikọ́ ẹ̀gbẹ kù ní nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 lára àwọn ẹranko ìwádìí.