Ìdógò Kọ́ Ni Ìgbẹ́sẹ̀lé

Nínú The History of the Yorubas (1921), Samuel Johnson ṣàpèjúwe ológò: a ya wọ agbo ilé onígbèsè, a sì pa ẹran ọ̀sìn ilé jẹ títí gbèsè yóò fi di sísan. Olówó kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Lábẹ́ òfin ọdún 2016 ti Scotland, dúkìá onígbèsè nìkan ni a ń fà lé alábòójútó lọ́wọ́, kí ó tà á, kí ó sì pín in fún gbogbo olówó. Òfin dá irinṣẹ́ onígbèsè sí dé ìwọ̀n kan.

Ògbufọ̀ tó bá pe èyí ní ìdógò ti fi gbèsè ẹnìkan kọ́ ẹbí lọ́rùn. Ìgbẹ́sẹ̀lé sàn jù, ṣùgbọ́n kò sọ ti pínpín. Mo dábàá “ìgbẹ́sẹ̀lé-fún-pínpín”.