Ẹja Ni Àbí Àkàn? Ọ̀rọ̀ Apẹja nínú Lítíréṣọ̀ Wa

Bí ẹnì kan bá lọ wá iṣẹ́, tàbí tí ó lọ tọrọ ìyàwó, tí ó sì padà dé, ohun tí Yorùbá sábà máa ń bi í lẹ́nu ọ̀nà ni pé, 'Ẹja ni àbí àkàn?' Èmi náà ti bi àìmọye ènìyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bi mí ní ọjọ́ tí èsì ìdánwò mi jáde. Ṣùgbọ́n n ó jẹ́wọ́ pé mo ti dàgbà, mo ti di olùkọ́, kí n tó dúró ro ìbéèrè yìí wò bí ó ti yẹ kí lámèyítọ́ ro ọ̀rọ̀. Ta ni ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ béèrè rẹ̀? Ẹni tí ó jókòó sí ìdí ààrò ni, tí ń retí ẹni tí ó lọ yẹ ìgèrè wò lódò. Àkàn náà ṣeé jẹ. Kì í ṣe òfò pátápátá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó torí àkàn dẹ ìgèrè. Gbogbo èyí wà nínú gbólóhùn kúkurú kan, a sì ń lò ó láàárín ìgboro níbi tí kò sí odò, tí kò sí ìgèrè, tí kò sì sí ẹni tí ó rántí apẹja.

Ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ni ó darí mi sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1653 ni Izaak Walton, oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé rẹ̀, The Compleat Angler, jáde. Ẹja pípa ni ó dá lé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 1676, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Charles Cotton, fi apá kan kún un, tí ó ṣàlàyé bí a ṣe ń fi eṣinṣin àtọwọ́dá mú ẹja tí wọ́n ń pè ní trout nínú odò tí omi rẹ̀ mọ́ gaara. Ẹja yìí kò lè gbé nínú omi tiwa. Omi tútù ni tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi gbé e lọ sí àwọn odò orí òkè ní Kenya, tí ẹnikẹ́ni kò gbé e wá sí Ìbàràpá. Apẹja náà yóò mú ìyẹ́ ọrùn àkùkọ àti òwú, yóò wé wọn mọ́ ìwọ̀ tíńtín títí yóò fi jọ kòkòrò tí ń bà lójú omi ní àkókò yẹn gan-an. Bí àkókò bá yí, kòkòrò a yí, ohun tí ó wé mọ́ ìwọ̀ náà a yí. Nígbà tí ẹja bá sì ń yé, òfin ilẹ̀ wọn ní kí wọ́n ká ìwọ̀ wọn nílẹ̀.

Ìwé Walton ní àléébù. Ó fẹ́ràn ìwàásù, ó ń yà sí ọ̀nà púpọ̀, ẹja inú rẹ̀ kò sì ta òórùn rárá. Síbẹ̀ ó sọ iṣẹ́ ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí etí odò di lítíréṣọ̀, a sì ń kà á títí di òní.

Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ eṣinṣin yìí, ẹ̀rín pa mí, nítorí ẹ̀sunsun ni ó wá sí mi lọ́kàn.

Àwọn tí kò mọ Ìbàràpá rò pé ilẹ̀ àgbẹ̀, ilẹ̀ ọdẹ àti ilẹ̀ ìbejì nìkan ni. Ilẹ̀ omi ni pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi náà kì í ṣe ti gbogbo ìgbà. Odò Ògùn ni ìyá. Ọ̀yán àti Òfìkì wà lára àwọn tí ń bọ́ sínú rẹ̀, àwọn odò kéékèèké tí orúkọ wọn kò dé orí àwòrán ilẹ̀ sì pọ̀ jọjọ. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣàn mọ́. Wọn a gé sí wẹ́wẹ́, a ku ìbú kan níhìn-ín, ìbú kan lọ́hùn-ún, ẹja a sì há sínú wọn. Àkókò yìí ni iṣẹ́ oko dín kù. Àkókò yìí náà ni àwa ọmọdé tí a wá lo ìsinmi ní Igbó-Ọrà, lọ́dọ̀ àwọn ará ilé ìyá mi, máa ń gé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, tí a ó so òwú àti ìwọ̀ mọ́ ọn, tí a ó wa ekòló ní etídò, tí a ó sì tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, lọ sí ìbú tí ó wà lápá ọ̀nà Ẹ̀rúwà.

Bàbá kì í ṣe apẹja. Àgbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀ lójú omi, kò sì sí ẹni tí ó lè rú u tí kò ní padà sílé pẹ̀lú ẹkún. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òjìji wa bọ́ sójú omi. A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. A kò gbọdọ̀ dẹ ìwọ̀ sí ìbú tí àwọn obìnrin ti ń pọn omi. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí ẹ̀sunsun yọ láti inú ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé a máa pa wọ́n jọ fún yíyan. Bàbá a ní kí a ya ìwọ̀nba sọ́tọ̀. Ẹ̀sunsun tí ó bá já sójú omi, ẹ̀pìyà kì í jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Bí a bá rọra fi ìyẹ́ rẹ̀ hàn lórí omi, tí a kò jẹ́ kí ó rì, ẹja a gbé e ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ìyẹ́ àkùkọ nínú tiwa o, kòkòrò gidi ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀, pé a ní láti mọ ohun tí ẹja ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí kí a tó lè mú un, kò yàtọ̀ sí ti Cotton. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí odò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, tí àrọ̀ gòkè wá sínú koríko tí omi bò láti yé ẹyin, Bàbá a ní kí a gbé ọparun wa jù sẹ́yìn ilé. 'Ẹ jẹ́ kí ó bímọ ná.' Ohun tí ó máa ń wí nìyẹn, kì í fi nǹkan kan kún un.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń fi oyin pa ọ̀rọ̀ yìí. Irú omi adágún bẹ́ẹ̀ náà ni sòbìà fi ń wọ ara ènìyàn. Ìdèrè, tí kò jìnnà sí wa, jìyà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn fi ṣe ìwádìí púpọ̀ níbẹ̀, ó sì di ọdún 2013 kí wọ́n tó jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Omi tí mo ń ṣe àárò rẹ̀ yìí, ó ti sọ ẹlòmíràn di arọ.

Níbo wá ni lítíréṣọ̀ apẹja wa wà? Ọdẹ ní ìjálá. Ó ní ìrèmọ̀jé tí a fi ń sin ín bí ó bá kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kọ odindi ìwé lórí ìjálá ní ọdún 1966, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì tíì yé ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ní ti ìtàn àròsọ, ọdẹ ni Fágúnwà fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1938, láti ìgbà náà wá ni igbó ti di ilé ìtàn Yorùbá. (Ó máa ń ṣe mí láàánú pé òǹkọ̀wé igbó yìí, odò ni ó gbé e lọ, nítòsí Bida, ní 1963.) Ẹni tí ó bá ka lítíréṣọ̀ wa láti òkèèrè yóò rò pé ẹran nìkan ni àwọn baba wa ń jẹ.

Òwe ni ibi tí mo kọ́kọ́ wá a sí. Ẹja pọ̀ nínú òwe wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. 'Tútù ni à ń ká ẹja. Bí ó bá gbẹ tán, ṣíṣẹ́ ní í ṣẹ́.' Òwe ìdí ààrò nìyí. Ẹni tí ó pa á ń wo ẹja tí a fẹ́ yan, tí a ní láti fi ìrù rẹ̀ kan orí kí iná tó mú un. Kò bá apẹja tan. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn rí: ojú ẹni tí ó ra ẹja ni wọ́n fi ń wo ẹja. 'Odò kì í kún kí ó bo ẹja lójú' yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí odò nígbà tí ó kún, tí omi pọ́n bí epo, ni ó mọ ìdí tí èyí fi jẹ́ ìyanu. Àwa ènìyàn kò rí nǹkan kan nínú omi náà. Àrọ̀ ń fi irùngbọ̀n rẹ̀ tọ ọ̀nà lọ bí ẹni pé oòrùn là. A ti sọ ọ́ di àdúrà tí à ń gbà níbi ìkómọjáde, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti dúró sí etí odò rí, ó wò ó, ó sì yà á lẹ́nu.

Mo tún rò ó sí ọ̀nà ti òrìṣà. Yemọja ni ó ni odò Ògùn, orúkọ rẹ̀ gan-an sì ni Yèyé ọmọ ẹja. Ta ni yóò wá máa ki ẹni tí ń pa ọmọ òrìṣà fún jíjẹ? Àbá yìí dùn mọ́ mi nínú fún ìgbà díẹ̀, kí n tó rántí pé ọdẹ ń ki ẹfọ̀n, ó ń ki erin, ó sì ń pa wọ́n. Nítorí náà n kò rọ̀ mọ́ ọn mọ́. Ohun tí mo gbà báyìí kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀: ọdẹ ní ẹgbẹ́, ó ní olórí, ó ní ọjọ́ àjọ̀dún, ó ní ètò ìsìnkú. Ẹgbẹ́ ni ó ń pa ewì mọ́. Ní Ìbàràpá tí mo mọ̀, iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ ni ẹja pípa fún onílé, iṣẹ́ ọmọdé àti àgbẹ̀ tí ń sinmi. Àwọn tí mo rí tí wọ́n ń fi í jẹun nínú odò ńlá, àlejò ni wọ́n, èdè tiwọn ni wọ́n sì fi ń kọrin.

Àìsí ewì yìí ti pa wá lára. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo padà lọ wo ìbú Bàbá nínú oṣù kejì. Ẹja ti léfòó káàkiri, inú wọn funfun lókè, ọmọ ẹja tí kò tó ìka ọwọ́ mi pọ̀ jùlọ. Ọ̀pọ̀lọ́ kú, àkàn kú. Agolo Gammalin 20 wà nínú koríko. Fún kòkòrò tí ń ba kòkó jẹ́ ni wọ́n ṣe oògùn yìí. Ẹnì kan ti dà á sómi, ó sì ti kó ohun tí ó lè kó lọ sọ́jà. N kò lè ké tantan jù. Àwa náà ti gún ewé rí, a ti dà á sínú ìbú tí ó ti fẹ́ gbẹ, ẹja yó, a sì fi ọwọ́ kó o. Bàbá gan-an ni ó fi ewé náà hàn wá. Ṣùgbọ́n oró ewé a máa tú dànù nínú oòrùn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lindane tí ó wà nínú Gammalin kì í tètè lọ, ó sì jẹ́ ara ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí Àdéhùn Stockholm pinnu ní 2009 láti pa tì.

Bí ọdẹ kan bá ṣe irú èyí nínú igbó, àwọn onìjálá ní ohùn tí wọn yóò fi bú u títí ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò fi gbọ́. Kí ni a ní tí a ó fi bú ẹni tí ó pa odò? Ní Argungu, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ẹja pípa láti 1934, Sarkin Ruwa ni aláṣẹ omi, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ pẹja níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ní Òṣogbo, ẹja ni ó wà nínú orúkọ oyè ọba, Àtáója, ẹni tí ó tẹ́ ọwọ́ gba ẹja. Nínú igbó Ọ̀ṣun a kì í pẹja títí di òní. Ìbàràpá kò ní aláṣẹ omi, kò ní orúkọ oyè. Gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu àgbẹ̀ kan ni èmi mọ̀, àgbẹ̀ náà sì ti kú.

Láti 1983 tí wọ́n ti ṣí ìdídò Ọ̀yán, tí omi rẹ̀ bo nǹkan bí 4,000 hẹ́kítà, ẹja adágún ti wà lọ́jà, kò sì di dandan kí ẹnikẹ́ni jókòó ti ìbú. Síbẹ̀, ní ọdún tó kọjá, mo bá bàgbà kan pàdé ní apá Òfìkì tí ó ṣì gbé ọparun lọ́wọ́. Mo kí i, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń ju ìwọ̀ sómi. Ó wo ìwé tí mo mú dání, ó wo bàtà mi. Ó ní ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Kí n padà wá nígbà tí ẹ̀sunsun bá yọ.