Aago Sevilla Ni Kí Ẹ Tẹ̀lé

Ẹni tó bá wọ ilé oúnjẹ ní Sevilla, ní gúúsù Sípéènì, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ alẹ́ wá, ebi ni yóò gbé padà sí hòtẹ́ẹ̀lì. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ wọn ti paná ilé ìdáná, wọn ò sì ní tún un dá títí aago mẹ́jọ àbọ̀ yóò fi lù. Èmi tí mò ń gbé ìlú yìí, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún ará ilé tó ń bọ̀ ni pé kó gbàgbé aago tó gbé bọ̀. Aago méjì sí mẹ́rin ni oúnjẹ ọ̀sán wa. Aago mẹ́sàn-án ni alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Lọ́dún 1940, ìjọba apàṣẹwàá Franco sún aago Sípéènì síwájú kó lè bá ti Jámánì mu, wọn ò sì dá a padà mọ́ títí dòní. Nítorí náà, lóṣù kẹfà, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run ní Sevilla ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́. Ta ni yóò jókòó ti oúnjẹ alẹ́ nígbà tí oòrùn kò tíì wọ̀?

Òwúrọ̀ rọrùn: búrẹ́dì yíyan, òróró ólífì, tòmátì tí wọ́n rin, àti kọfí. Ẹ má jẹ ẹ́ lájẹyó, nítorí ibi tí oúnjẹ ìlú yìí ti dùn jù ṣì wà níwájú.

Tapas ni mò ń sọ. Oúnjẹ ìwọ̀nba nínú àwo kékeré ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ló ṣe pàtàkì. Ìdúró ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì gíga tàbí níwájú ẹni tó ń tà. Ẹ jẹ oríṣi kan tàbí méjì, ẹ mu ife kan, ẹ sanwó, kí ẹ kọjá sí ilé kejì. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá sí, ẹni tó bá sì jókòó sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ti pàdánù ìdajì adùn náà. Tí owó bá ku díẹ̀, ẹ fi ẹyọ kan tàbí méjì sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò retí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

El Rinconcillo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà láti ọdún 1670. Itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ mú gbẹ so rọ̀ láti òkè àjà, ẹni tó ń tà á sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye owó tí ẹ jẹ sórí igi tó wà níwájú yín gan-an. Ẹ bèèrè espinacas con garbanzos: ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà garbanzo, tí aáyù, kúmínì àti búrẹ́dì díndín tí wọ́n lọ̀ mú kó ki. Ní ìgbà ooru, ẹ wá salmorejo, tòmátì, búrẹ́dì, aáyù àti òróró ólífì tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì ń jẹ ní tútù. Ẹja cazón tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan àti èròjà kí wọ́n tó dín in, èmi kì í jẹ́ kó kọjá mi. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kọ́ “sin cerdo” (láìsí ẹlẹ́dẹ̀) kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sì máa sọ ọ́ ní gbogbo ibi tí ẹ bá dé, nítorí wọ́n máa ń wọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sórí salmorejo láìbèèrè.

Láti nǹkan bí oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ ó rí páálí lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ “hay caracoles” sí. Ẹ wọlé. Ìgbín ni. Kéékèèké ni wọ́n, ọ̀kan kò tó ìka ọmọdé, ẹni tó mọ ìgbín ilé wa sì lè wo àwo náà kó máa ṣe kàyéfì. Ẹ tọ́ omi rẹ̀ wò ná. Inú omi yẹn ni gbogbo ọgbọ́n ìsè náà wà.

Ní ti ohun mímu, àlejò ló sábà máa ń bèèrè sangría. Onílé ń bèèrè tinto de verano, wáìnì pupa tí wọ́n pò mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí wọ́n sì dà sórí yìnyín.

Lóṣù keje àti ìkẹjọ, ooru máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké máa ń tì láti aago méjì sí márùn-ún, wọ́n sì ń ta aṣọ ńlá láti òrùlé dé òrùlé lókè òpópónà Sierpes kí ibòòji lè wà. Ẹ sùn nígbà náà. Òwúrọ̀ ni kí ẹ gun Giralda, ilé gogoro tí àwọn Mùsùlùmí Almohad kọ́ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá kí ládàánì lè máa pe ìrun lórí rẹ̀, tó wá di ilé agogo ìjọ lẹ́yìn tí àwọn Kristẹni gba ìlú lọ́dún 1248. Ọ̀nà dídagẹ̀rẹ̀ ló ń yí gòkè nínú rẹ̀, àtẹ̀gùn díẹ̀ ló wà lókè, nítorí náà àgbàlagbà lè rọra gùn ún. Tí ọjọ́ bá rọ̀, ẹ lọ sí Plaza de España, tí Aníbal González yàwòrán rẹ̀ fún ìpàtẹ ńlá ọdún 1929.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn kọjá afárá tí wọ́n parí lọ́dún 1852 sí Triana, ní òdìkejì odò Guadalquivir. Àdúgbò amọ̀kòkò ni láti ayébáyé, ó sì ti fìgbà kan jẹ́ àdúgbò àwọn ìdílé Gitano, ìyẹn àwọn Roma Sípéènì, tó gbé orin àti ijó flamenco ró. Lọ́dún 2010, UNESCO ka flamenco mọ́ àjogúnbá ìran ènìyàn. Ẹ wá yàrá kékeré tí wọn kì í lo makirofóònù, kí ẹ lè gbọ́ ìró bàtà lórí pákó àti èémí akọrin. Bulería, ọ̀kan nínú oríṣi orin flamenco, ń yí lórí òǹkà 12, ọmọ Yorùbá tí agogo ìlù wa ti wọ̀ lára yóò sì mọ ìrìn rẹ̀ kíákíá, ọwọ́ á fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ẹ kó ọwọ́ yín mọ́ra. Àtẹ́wọ́ yẹn gan-an ni ìlù, àwọn tó ń pa á sì ti kọ́ ọ láti kékeré. “Olé” lẹ lè ké, tí ohùn bá wọ̀ yín lára.

Ní Alameda de Hércules, pápá ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1574, àwọn ọmọdé ṣì ń sáré kiri ní aago mọ́kànlá alẹ́, bàbá, ìyá àti ìyá àgbà jókòó sí gbangba, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú alẹ́ Sevilla: kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ilé ijó, kí wọ́n má tètè lọ. Kí aago méjì òru tó lù, ibẹ̀ ò tíì kún.

Tí ẹ bá lè yan àkókò, ẹ wá nígbà Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé hòtẹ́ẹ̀lì wọ́n. Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ẹ dúró sétí ọ̀nà de ẹgbẹ́ ìjọ tó ń tò kọjá, tí gbogbo ìlú ń pè ní Los Negritos. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Gonzalo de Mena ló dá a sílẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá fún àwọn adúláwọ̀ Sevilla, ẹrú àti ọmọ òmìnira, àwọn adúláwọ̀ ló sì ni ín fún ọ̀pọ̀ ìran. Aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ lónìí. Síbẹ̀, mi ò mọ ibi tó yẹ kí aláwọ̀ dúdú tó bá wá síbí dúró sí ju etí ọ̀nà yẹn lọ.

Feria, àjọ̀dún ńlá ìlú yìí, tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Àjíǹde. Ọjà ẹran ọ̀sìn ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1847. Aṣọ alárànbarà, ẹṣin àti ijó sevillanas ló kù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àgọ́ tí wọ́n ń pè ní caseta jẹ́ ti ẹbí tàbí ẹgbẹ́, àlejò ò sì lè wọlé síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn lé yín padà. Àwọn caseta àdúgbò tí ìjọba ìlú ṣe ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ bèèrè wọn lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ bèèrè ife rebujito, wáìnì funfun tí wọ́n pò mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ẹ sì bá wọn jó.