Kí Ojú Kọ̀ǹpútà Tó Mọ́lẹ̀

Ní Tanke, lójú ọ̀nà tó lọ sí Yunifásítì Ìlọrin, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, pọ̀ lọ súà. Bí NEPA bá ti mú iná wá, kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tàn. Láàárín ìgbà tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì sí ìgbà tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú kan lè má pé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń lọ nínú rẹ̀ lásìkò yẹn wù mí ju ọ̀pọ̀ èyí tó ń ṣe lẹ́yìn náà lọ.

Nígbà tí iná kọ́kọ́ wọ ara rẹ̀, kò mọ nǹkan kan. RAM ṣófo, nítorí bí iná bá ti lọ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ń pa rẹ́. Windows wà nínú disk lóòótọ́, ṣùgbọ́n processor ò tíì mọ̀ pé disk wà. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n dá a láti máa kọ́kọ́ yíjú sí: ìlànà tí wọ́n kọ sínú ṣíìpù kékeré kan lára motherboard, èyí tí àìsíná kì í pa rẹ́. BIOS là ń pè é. Gary Kildall ará Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1975. IBM PC ti ọdún 1981 ló jẹ́ kó tàn káyé. UEFI ló rọ́pò rẹ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tuntun, àmọ́ BIOS ṣì ni àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń pè é.

Àyẹ̀wò ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Á wo RAM, á wo kíbọ́ọ̀dù, á wo ohun tó ń gbé àwòrán sójú. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ á dún “pí” lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń dún léraléra tí ojú rẹ̀ sì dúdú, ẹni tó mọṣẹ́ á tú u, á yọ RAM, á fi rọ́bà ìpapẹ́ńsù ọmọléèwé nu ẹnu rẹ̀ tó ń dán bíi wúrà, á sì kì í padà. Kọ̀ǹpútà náà ò tíì lè gbé ọ̀rọ̀ kan sójú, síbẹ̀ ó ti sọ ibi tó ń dùn ún!

Bátìrì pẹlẹbẹ kan tún wà lára motherboard, CR2032, fóòtì 3, tó ń mú kí aago rẹ̀ máa lọ nígbà tí kò síná. Bó bá kú, déètì á padà sẹ́yìn, ìkànnì tẹ́ni fẹ́ fi wo èsì ìdánwò sì lè kọ̀, kó má ṣí.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, BIOS á wá disk. Báìtì 512 péré ló máa ń kà níbẹ̀rẹ̀ disk àtijọ́. Ìyẹn á pe èyí tó tóbi jù ú lọ, èyí náà á pe Windows tàbí Linux. Bí NEPA bá tún mú iná lọ, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ látorí, kò sì ní fo ìgbésẹ̀ kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà n’Ílọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Word bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá èyí tó ti gbó, ẹ tú ikùn rẹ̀, ẹ fi ṣíìpù náà àti bátìrì yẹn hàn wọ́n, kí ẹ tó ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì.