Ọgbọ́n Yíyan Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀ Inú Akoto Alùpùpù

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ inú akoto ń jẹ́ kí àwọn tó ń gun alùpùpù máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú pópó. Iṣẹ́ tó yẹ ká yìn ni, nítorí afẹ́fẹ́ ń hó, ẹ́ńjìnnì ń kùn, síbẹ̀ ohùn ń yéni yékéyéké.

Iye ẹni tó jọ ń rìn ni a kọ́kọ́ ń wò. Fún ẹni méjì, Bluetooth tó. Ṣùgbọ́n bí èrò bá pọ̀, Bluetooth á so wọ́n kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn: bí ẹni àárín bá yapa, ọ̀rọ̀ já. Ọ̀nà ìsopọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Mesh ló yẹ ọ̀wọ́. Bí ẹnìkan bá yà sẹ́yìn, ohùn á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kọjá; bó bá sì dé, á tún wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ Cardo Packtalk tó ń lo Mesh lè gba ènìyàn 15.

Akoto ló kàn. Èyí tó bo gbogbo ojú ń fẹ́ máìkì kékeré tí a ń lẹ̀ mọ́ ibi àgbọ̀n. Èyí tó ṣí sílẹ̀ lójú ń fẹ́ máìkì alápá tó nà dé ẹnu.

Ibi sípíkà ni ọwọ́ tó mọṣẹ́ ti ń hàn. Ó gbọ́dọ̀ dojú kọ ihò etí gan-an. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ohùn á rẹlẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi ìka wá ojú etí nínú fóòmù, á lẹ̀ ẹ́, á dé akoto wò, á sì tún un gbé títí yóò fi bọ́ sójú ẹ̀.

Bọ́tìnnì tí ìka lè dá mọ̀ nínú ìbọ̀wọ́ ló gbẹ̀yìn, kí ojú má baà kúrò lọ́nà.