Ìtàn Abúlé Nínú Ìwé Ìlú

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àròbá, àròbá sì ni baba ìtàn. Ní àwọn abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrá, àròbá kò wọ́n. Ìwé ni ó wọ́n. Èyí tí ó sì wà nínú ìwé, ìtàn ìlú ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ yẹ̀ wò ni bóyá ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ìtàn ìlú lè gba ìtàn oko mọ́ra.

Òpómúléró nínú ọ̀ràn yìí ni Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí Isaac Babalọlá Akínyẹlé tẹ̀ jáde ní 1911. Iyì ìwé náà kò kéré. Èdè Yorùbá ni ó fi kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìwé ńlá tí Samuel Johnson fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, èyí tí kò jáde títí di 1921. Akínyẹlé kò ka oríkì sí ohun ìdárayá lásán. Ó kó oríkì àwọn ìjòyè pọ̀ mọ́ ìtàn wọn, bí ẹni tí ó mọ̀ pé oríkì a máa pa ohun tí ènìyàn fẹ́ gbàgbé mọ́. Ṣùgbọ́n okùn tí ó fi so ìtàn náà pọ̀ ni orúkọ àwọn olórí ìlú, bí ọ̀kan ti ń rọ́pò èkejì. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ wọ inú okùn yìí nígbẹ̀yìn: ó jẹ Olúbàdàn ní 1955, ó sì wà lórí oyè títí ó fi wàjà ní 1964.

Nínú ìtàn Lágelú, nígbà tí ogun tú ìlú àkọ́kọ́ ká, orí òkè ni àwọn tí ó ṣẹ́kù sá sí. Èso òrò àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Oúnjẹ ìyà yìí wọ inú oríkì ìlú, kò sì jáde mọ́. Níbi báyìí ni ìtàn ti sún mọ́ mẹ̀kúnnù jù lọ. Ṣùgbọ́n bí oyè ti ń tẹ̀lé oyè, tí ogun ń tẹ̀lé ogun, àwọn tí ń ṣán oko bọ́ sẹ́yìn, àwọn jagunjagun sì gba iwájú.

Kò yani lẹ́nu. Ilé ni àbọ̀sinmi oko, bẹ́ẹ̀ ni ará Ìbàdàn ń wí. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ogun ti tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829, ọwọ́ àwọn ìdílé inú ìlú ni ilẹ̀ oko wà. Ọmọ abúlé a máa wá ṣọdún nílùú, a sì máa wá sìnkú nílùú. Nítorí náà ni ó fi rọrùn láti ka abúlé sí ẹsẹ̀ agbo ilé lásán. Síbẹ̀ àwọn ìletò Ẹ̀gbá Gbágùrá ti wà ní agbègbè yìí kí ogun tó dé, kí àwọn ènìyàn wọn tó ṣí lọ sí Abẹ́òkúta ní 1830. Lẹ́yìn náà ni kòkó fa àlejò wá, àwọn tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Okùn orúkọ baálẹ̀ kan ṣoṣo kò lè gbé ìbẹ̀rẹ̀ méjì, kò sì lè gbé ayálẹ̀-dáko.

Abúlé ní ìwé tirẹ̀ tí a kò fi yíǹkì kọ. Orúkọ wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Ìdí-Ọsẹ̀ mọ igi tí wọ́n fi ń júwe ibẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Ìyànà Ọ̀fà mọ̀ pé ọ̀nà ló ya níbẹ̀. Arárọ̀mí sì ń sọ pé ìnira kan wà tí ara fi wá rọ àwọn tí ó dé ibẹ̀. Ààlà, odò, ọjọ́ ọjà, àti oríkì tí obìnrin ilé fi ń kí ọkọ àti ọmọ, gbogbo wọn ni ojú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ìlú ti ń wọ oko lọ. Ní 2021, ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dé Mọníyà. Bí wọ́n ti ń ta ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tuntun ń bo ti àtijọ́.

Ewu kejì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ ìtàn náà gan-an. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ó ṣáájú. Ní 2017, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi adé lé àwọn ìjòyè àgbà Ìbàdàn àti àwọn baálẹ̀ kan lórí, ọ̀ràn náà sì dé ilé ẹjọ́. Nígbà tí ìtàn lè sọni di onílẹ̀ tàbí aládé, ta ni yóò kọ ọ́ láìyọ ohun kan kúrò? Ayálẹ̀-dáko ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ. Ìyàwó ilé ni ó tẹ̀lé e. Ìwé tí a bá kọ nítorí adájọ́, ẹ̀rí ni. Kò tíì di ìtàn.

Ẹni tí ó bá rò pé abúlé kò ní ìtàn tí ó tó ìwé kó, kí ó rántí Àgbẹ́kọ̀yà. Owó orí wúwo, owó kòkó kò tó nǹkan, àwọn agbowó-orí sì ń ni àgbẹ̀ lára, ni rògbòdìyàn bá bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1968. Àkànràn, ilé Táfà Adéoyè, di orúkọ tí gbogbo ayé ń pè. Ní oṣù kẹsàn-án 1969, àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Nígbà tí ó yá, ìjọba dín owó orí kù. Okùn oyè kọ́ ni ó bí ìjà yìí. Àwọn tí kò sí nínú ìwé ìlú ni wọ́n jà á.

Ìwé sì wà lórí rẹ̀. Christopher Beer gbé àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yẹ̀ wò ní 1976. Ní 2014, Tóyìn Fálọlá tẹ Counting the Tiger's Teeth jáde, ó fi ojú ọ̀dọ́mọkùnrin sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nínú tirẹ̀, abúlé ni ojú ọ̀nà ìtàn, obìnrin sì ní ipò: Lékú, tí ń ta ewé àti egbò, kì í ṣe òjìji lásán níbẹ̀. Ohun tí Akínyẹlé kò fàyè gbà, Fálọlá fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé méjèèjì. Akínyẹlé fi èdè tí àgbẹ̀ gbọ́ sọ ìtàn àwọn ìjòyè. Àwọn tí ó sọ ìtàn àgbẹ̀ fi èdè tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò lè kà sọ ọ́.

Àlàfo yìí ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé abúlé dí. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí orúkọ ti wá, kì í ṣe láti orí baálẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ìtàn bá pé méjì, kí ó kọ méjèèjì, kí ó sì sọ ẹni tí ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó bi onílẹ̀ léèrè, kí ó bi ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ náà. Kí ó fi èdè Yorùbá kọ ọ́, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé, kí àwọn tí wọ́n sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ lè gbọ́ bí wọ́n bá ń kà á, kí wọ́n sì lè ta kò ó. Iṣẹ́ náà kò lè dúró pẹ́: ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí Àgbẹ́kọ̀yà dìde ti kọjá àrùndínlọ́gọ́rin báyìí.