Ta Ni Kí Ó Ronú? Àyẹ̀wò Eré Ògúǹdé Láti Ẹnu Ààlà

Bí ènìyàn bá ti Àpápá ń bọ̀ wá sí Ajégúnlẹ̀, yóò kan ibi tí gbogbo ayé ń pè ní Boundary. Ọjà ni, ibùdókọ̀ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń du ọkọ̀ níbẹ̀ kì í ráyè bi ara rẹ̀ léèrè pé ààlà kí ni èyí. Bẹ́ẹ̀, ààlà gidi wà níbẹ̀ rí. Ní ọdún 1954 ni a yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó di agbègbè olú-ìlú Ìjọba Àpapọ̀. Àpápá bọ́ sábẹ́ Ìjọba Àpapọ̀. Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ìhà Ajégúnlẹ̀ ní 1955, kò sì dé ìhà Àpápá títí di 1957. Bí ọ̀ràn ti rí nìyẹn títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967.

Mo fi ààlà yìí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé yóò ràn wá lọ́wọ́ láti tún wo eré orí ìtàgé kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé a ti mọ̀ tán, èyí ni *Yorùbá Ronú* ti Hubert Ògúǹdé. Ní 1964 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, pé wọn kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Bí a bá fi òfin wọ̀n ọ́n, àṣẹ náà dé Ajégúnlẹ̀, kò dé Àpápá. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ìhín jẹ́ eré lásán ní ọ̀hún, a kò sì nílò ju kí a fi ẹsẹ̀ rìn ré ààlà kọjá.

Ìtàn inú eré náà kò díjú. Igbákejì ọba ta ọba rẹ̀ fún ọ̀tá tí ń bẹ nítòsí. Wọ́n gbé ọba jù sẹ́wọ̀n. Igbákejì gorí oyè, ó sì di òṣìkà. Àwọn ará ìlú dìde sí i, ó kú. Ọba padà, àlàáfíà sì padà pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó nílò ìtumọ̀ nígbà náà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti wọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 1963. Olóyè S. L. Akíntọ́lá, tí ó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Action Group, ni ó wà lórí àga ìjọba. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí ó sún mọ́ Akíntọ́lá, ni ó sì pe Ògúǹdé wá ṣeré. Wọ́n pe onílù sí òde, onílù fi ìlù bá wọn wí.

Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ló ti yin eré náà nítorí ìgboyà tí ó fi na ìka sí ẹni ńlá. Lójú tèmi, agbára rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Inú orúkọ rẹ̀ ni ó wà. Òṣèré kò pàṣẹ fún ọba pé kí ó ronú. Ará ìlú ni ó ń bá wí. Ó mọ̀ pé igbákejì kan kò lè ta ọba kó sì jókòó pẹ́ lórí ìtẹ́, bí kò bá sí àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn aláṣẹ lè fara da èébú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́ àwọn ènìyàn láti ronú ti fọwọ́ kan ìpìlẹ̀ ilé wọn.

Níbí ni mo ti ní awuyewuye pẹ̀lú Ògúǹdé. Àwọn ta ni ó ní kí wọ́n ronú? Ẹ jẹ́ kí a rántí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè dáṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, nítorí pé ọjà ti gbówó lórí nígbà ogun, owó oṣù kò sì tó jẹun. Ní ọdún náà gan-an ni Ògúǹdé gbé *Strike and Hunger* jáde, eré tí àwọn aláṣẹ amúnisìn fi òfin dè ní Jọ́ọ̀sì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà èédú 21 ní Iva Valley, ní Enugu. Ní 1950 ó ṣe *Bread and Bullet*. Àwọn tí ó kú ní Enugu kì í ṣe ará ilé rẹ̀, wọn kò sì sọ èdè rẹ̀. Síbẹ̀ ó ka ẹ̀jẹ̀ wọn sí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa, tí a sì ń rẹ́ jẹ, ni "àwa" nínú eré méjèèjì.

Ní 1964, "àwa" ti di Yorùbá nìkan. Mo mọ èsì tí a óò fún mi: ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé Yorùbá ni ó ń jó, ilé Yorùbá ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ pa iná rẹ̀. Òtítọ́ ni, n kò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wá dúró ní Boundary. Ìlàjẹ, Ìjọ, Ùróbò, Ìgbò àti Haúsá ń bá Yorùbá gbé ní Ajégúnlẹ̀, tí ògiri kan náà pín yàrá wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ti ń lọ ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964 yìí kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ jákèjádò Nàìjíríà, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, dáṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì nítorí owó oṣù. Ìyanṣẹ́lódì náà kò bi ẹnikẹ́ni ní èdè tí ó ń sọ, kò sì dúró ní ààlà. Ní ọdún tí òṣìṣẹ́ la ohùn tirẹ̀ gbòòrò ni òṣèré dín tirẹ̀ kù. *Òtítọ́ Korò*, èyí tí Ògúǹdé fi fèsì sí òfin náà, tún ń bá ìjà ilé yẹn lọ.

Ìparí eré náà sì jẹ́ àléébù kejì. Ní ilẹ̀ Faransé, ọba Louis Kẹrìndínlógún kọ̀ fún ọdún díẹ̀ kí a tó gba eré *Figaro* ti Beaumarchais láyè ní 1784; nínú eré yẹn, ìránṣẹ́ ni ó fi ọgbọ́n borí ọ̀gá rẹ̀. Ti Ògúǹdé parí sórí ìtẹ́: ọba rere padà, ó tán. Ayé dán ìparí yìí wò. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun pa Akíntọ́lá. Ní ọdún náà, Ajagun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun, mú òfin kúrò lórí ẹgbẹ́ òṣèré náà. Ní oṣù kẹjọ, a tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé inú ìwé eré ni a ti ń kà á. Ṣùgbọ́n àlàáfíà kò dé. Ogun abẹ́lé ni ó dé ní 1967, kò sì tán títí di 1970. Àní òmìnira òṣèré pàápàá, àṣẹ ológun ni ó dá a padà, kì í ṣe ìrònú ará ìlú. Ohun tí àṣẹ bá sì fúnni, àṣẹ lè gbà á padà.

N kò kọ èyí láti tàbùkù Ògúǹdé. Ó sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn tí wọ́n kàwé jù ú lọ panu mọ́, ó sì fara gba ìyà rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olùkọ́ ni pé, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní *Yorùbá Ronú*, ẹ má ṣe kọ́ wọn ní òun nìkan. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ eré 1945 àti ti 1950, kí wọ́n lè rí bí ẹnu kan náà ti pe "àwa" ní ọ̀nà méjì. Kí ẹ sì bi wọ́n pé: bí Ògúǹdé bá ṣeré ní Boundary ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó, ẹni mélòó ni yóò gbọ́ orúkọ eré náà tí yóò mọ̀ pé òun ni à ń bá wí?